Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ Ni Ó Ń Sọ Olórí Di Olórí

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ èébú sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ nípa olórí ni: bí olórí ti ń di olórí, ohun tí ń mú kí àwọn ènìyàn tẹ̀ lé e, àti ohun tí ń mú kí olórí tí ó dára ní àárọ̀ di ẹni tí a kò dá mọ̀ mọ́ ní alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá dàrú, bí owó àpapọ̀ bá ṣòfò, tàbí bí ìpàdé bá tú ká, ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Alága ni kò dára," tàbí pé, "Akápò ni olè." A ó yọ ẹni náà kúrò, a ó sì fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Inú wa a dùn fún ọdún kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà ni a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ irú ẹjọ́ kan náà nípa ẹni tuntun. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, a lè sọ pé ìwà ẹni náà ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ta tí ìwà wọn kò jọra, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè bóyá àga náà ni ìdun wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ara ẹni tí ó jókòó sórí rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa wádìí bí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn gbé pọ̀ ní ìlú, ní ibi iṣẹ́ àti nínú ẹgbẹ́. Kì í ṣe ọkàn ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń yẹ̀ wò, bí kò ṣe okùn tí ó so ènìyàn pọ̀ mọ́ ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wo ilẹ̀ wa ni N. A. Fadipe, ọmọ Yorùbá, tí ó kọ ìwé rẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n ní 1939, tí a sì tẹ ìwé náà jáde ní Ìbàdàn ní 1970 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí irú àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ ń tẹnu mọ́ ni pé ipò olórí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan gbé sínú ara rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. Àárín ènìyàn ni ó wà. Ẹni tí ó dá nìkan wà nínú igbó kò lè jẹ́ olórí ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó. Ọjọ́ tí àwọn ènìyàn bá gbà láti gbọ́ràn sí i ni ó di olórí. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì kọ̀, bí adé tilẹ̀ wà lórí rẹ̀, agbára rẹ̀ ti tán.

ÀṢẸ MẸ́TA TÍ ÈNÌYÀN Ń GBỌ́RÀN SÍ

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Max Weber, tí a bí ní 1864 tí ó sì kú ní 1920, béèrè ohun kan tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn: nígbà tí ẹnì kan bá pàṣẹ, kí ni ó dé tí ẹlòmíràn fi ń gbọ́? Kì í ṣe ẹ̀rù pàṣán nìkan, nítorí kò sí ẹni tí ó lè máa fi pàṣán lé gbogbo ènìyàn kiri lójoojúmọ́. Àwọn ènìyàn ń gbọ́ nítorí pé wọ́n gbà lọ́kàn wọn pé ó tọ́ kí ẹni náà pàṣẹ. Weber pín ohun tí ń mú wọn gbà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní ni àṣà. A ń gbọ́ràn sí baálẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń ṣe. A ń gbọ́ràn sí olórí ẹbí nítorí pé òun ni ó dàgbà jù nínú agbo ilé. Kò sí ẹni tí ó di ìbò fún un, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ó yẹ kí á di ìbò.

Èkejì ni ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ tí àwọn ènìyàn rí lára ẹnì kan. Akọni ogun, wòlíì, tàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń mú kí àárẹ̀ kúrò lára wọn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ. Bí ó bá dìde, àwọn ènìyàn a dìde. Ṣùgbọ́n àṣẹ yìí kò ju ẹ̀mí ẹni náà lọ. Bí ó bá kú, tàbí bí ó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀ràn di ẹlẹ́gẹ́.

Ẹ̀kẹta ni òfin. Nígbà tí a bá gbé kòkó wa lọ síwájú ẹni tí ń yẹ kòkó wò, a kò mọ baba rẹ̀, a kò sì mọ̀ bóyá akọni ni tàbí ojo. A gbà kí ó tú àpò wa nítorí pé òfin ni ó fi í síbẹ̀. Bí ó bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́la, kò sí ẹni tí yóò gbé kòkó wá síwájú rẹ̀ mọ́. Ipò ni ó ní àṣẹ, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kò ni ín. Nítorí náà ni Weber ṣe tẹnu mọ́ ọn pé, níbi tí òfin bá ti ń ṣàkóso, owó ipò àti owó ẹni tí ó wà nípò kò gbọdọ̀ wà nínú àpò kan náà.

Nínú ẹgbẹ́ tiwa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó máa ń dàpọ̀, ìdàpọ̀ yìí kò sì burú fúnra rẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí á fi òfin yan ènìyàn, kí ó sì wá máa fi àṣà jẹ wá níyà. Ẹni tí a fi ìbò yàn ṣe alága fún ọdún méjì, tí a bá béèrè ìṣirò owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì dáhùn pé ọmọdé kì í bi àgbà léèrè, ẹni náà ti fi aṣọ kan wọlé, ó sì ti fi òmíràn jókòó. Kí á bọ̀wọ̀ fún àgbà jẹ́ ohun tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n ìwé owó ẹgbẹ́ kò ní ẹ̀gbọ́n, kò sì ní àbúrò.

OHUN TÍ ÌJÀYÈ ÀTI ÌBÀDÀN KỌ́ WA

Ìtàn ilẹ̀ wa jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí Ìjàyè àti sí Ìbàdàn. Ní Ìjàyè, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀nà já sí, èyíinì ni Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Akọni gidi ni, òun ni ó sì sọ Ìjàyè di ìlú tí a ń bẹ̀rù. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìjàyè àti Ìbàdàn ní 1860. Kúrunmí kú ní 1861. Nígbà tí yóò fi di 1862, Ìjàyè ti fọ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti fọ́n ká.

Ní Ìbàdàn, oyè dà bí àkàbà. Kò sí ìdílé ọba kan ṣoṣo tí ó ni ín. Ọkùnrin kan a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, a sì máa gun orí àkàbà náà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà kú ní 1885 ní ojú ogun Kírìjì, ìlú kò fọ́. Àwọn tí ó wà ní ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e mọ ibi tí wọ́n dúró sí, wọ́n sì ń bá ọ̀ràn náà lọ títí tí a fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886. Títí di òní, ọ̀nà méjì ni àwọn ìjòyè ń gbà gun òkè dé ipò Olúbàdàn, ọ̀nà Olúbàdàn àti ọ̀nà Balógun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé kan tí ó lè sọ pé òun nìkan ni ó ni oyè náà.

A kò sọ pé ètò oyè nìkan ni ó dá ogun náà. Àwọn ọ̀tá Ìjàyè pọ̀, ìyàn sì mú nínú ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé àkàbà Ìbàdàn kò ní ìjà nínú, nítorí àwọn ìjòyè a máa ta ara wọn nù lórí rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹgbẹ́ tí ó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé orí akọni kan gbọ́dọ̀ mọ̀ pé akọni náà yóò kú. Bí kò bá tíì sí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni ìsìnkú ẹgbẹ́.

BÍ ẸGBẸ́ TI Ń BỌ́ SÍ ỌWỌ́ ÀWỌN DÍẸ̀

Gbogbo wa mọ àáró. Ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ a fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, wọn a ro oko ẹnì kan lónìí, wọn a sì ro ti ẹlòmíràn lọ́la. Ẹni tí a bá wà ní oko rẹ̀ ni ó ń darí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí akọ̀wé, kò sí alága, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè fara pamọ́, nítorí ojú gbogbo wọn wà lára ara wọn. Ọ̀mọ̀wé Georg Simmel, ará Jámánì tí ó kú ní 1918, ti ṣàlàyé pé iye ènìyàn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ a máa yí irú ẹgbẹ́ náà padà. Ohun tí ènìyàn mẹ́jọ lè fi ojú àti ẹnu ṣe, igba ènìyàn kò lè ṣe é láìní ìwé, ìgbìmọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìwà ibi ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó wádìí ewu yìí jù ni Robert Michels. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ ní Jámánì, ẹgbẹ́ tí ó kéde fún gbogbo ayé pé òun ń jà fún ìdọ́gba. Michels ronú pé bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ lè wà láìbọ́ sí ọwọ́ àwọn díẹ̀, inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí á wò. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1911. Ohun tí ó rí bà á lọ́kàn jẹ́: níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn díẹ̀ ni ó ń ṣàkóso, àwọn ọ̀pọ̀ sì ń pàtẹ́wọ́.

Ó tọ́ka sí gbòǹgbò mẹ́ta. Gbòǹgbò kìn-ín-ní ni ìmọ̀. Ẹni tí ń kọ ìwé ẹgbẹ́, tí ó mọ ibi tí ìwé òfin wà, tí ó sì ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, ní ọdún márùn-ún ó ti mọ ohun tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Bí a bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ̀rù a bà wá pé iṣẹ́ yóò dúró. Gbòǹgbò kejì wà lára àwa ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wa. Àárẹ̀ a máa mú wa, ìpàdé a máa jìnnà, òjò a máa rọ̀, a ó sì sọ pé, "Àwọn tí ó wà níbẹ̀ tó o." Bí olórí bá sì ti ṣe wá lóore rí, ojú a máa tì wá láti bi í léèrè. Gbòǹgbò kẹta wà lára olórí. Ẹni tí ó ti kúrò nídìí ẹ̀rọ tàbí lójú oko, tí ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ láti inú ipò, kò fẹ́ padà síbi tí ó ti wá. Láìpẹ́, a gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun àti ẹgbẹ́ jẹ́ ọ̀kan, a sì máa ka ẹni tí ó bá bá a jiyàn sí ọ̀tá ẹgbẹ́.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó gbẹ̀yìn Michels. Nígbà tí ó sọ ìrètí nù pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè ṣàkóso ara wọn, ó lọ sí ilẹ̀ Ítálì, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ Mussolini kí ó tó kú ní 1936. Ẹni tí ó ti mọ àrùn náà dáadáa lọ dùbúlẹ̀ sí ilé àrùn. Nítorí náà a gba ohun tí ó rí, ṣùgbọ́n a kò tẹ̀ lé e dé ibi tí ó lọ.

KÒ PỌN DANDAN KÍ Ó RÍ BẸ́Ẹ̀

Ní 1956, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Seymour Martin Lipset, Martin Trow àti James Coleman, tẹ ìwé kan jáde nípa ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé ní ilẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ náà kò dá dúró mọ́ lónìí, ṣùgbọ́n ní ìgbà náà ó yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yòókù. A máa ń fi ìbò yọ àwọn olórí rẹ̀, àwọn tí a yọ a sì gba ìdájọ́ náà láìtú ẹgbẹ́ ká. Kí ni ó fà á?

Lákọ̀ọ́kọ́, apá méjì ni ó wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣọ́ èkejì. Apá tí kò sí nípò ní ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè fi ìmọ̀ dẹ́rù ba ọmọ ẹgbẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn atẹ̀wé a máa bá ara wọn ṣeré lẹ́yìn iṣẹ́, wọn a sì máa sọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ níbi tí olórí kò sí. Lẹ́ẹ̀kẹta, owó tí ń wọlé fún olórí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti atẹ̀wé lọ, bí ó bá sì fi ipò sílẹ̀ ó lè padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ìtìjú. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé gbòǹgbò mẹ́ta ti Michels. A ó rí i pé gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ kan dè mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn atẹ̀wé náà jẹ́ ènìyàn mímọ́. Ètò wọn ni ó dára.

Àwọn baba wa pẹ̀lú mọ ọgbọ́n yìí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin lágbára, ṣùgbọ́n àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lè kọ̀ ọ́. Àwọn Ògbóni sì tún wà tí ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí òṣùwọ̀n yìí dúró déédéé, ìlú dúró. Ṣùgbọ́n ìtàn sọ fún wa nípa Baṣọ̀run Gáà, tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ọba, tí òun fúnra rẹ̀ sì di ẹni tí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Ọba tí ó rán lọ sí ikú kò jẹ́ ọ̀kan, títí tí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní nǹkan bí 1774. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kò tó kí á yan ẹni tí yóò ṣọ́ olórí. A gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò ṣọ́ olùṣọ́.

OLÓRÍ TÍ KÒ NÍ ORÚKỌ OYÈ

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Kì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé nìkan ni olórí. Láàárín 1931 àti 1932, nínú ilé iṣẹ́ kan ní ẹ̀bá ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, a fi ọkùnrin mẹ́rìnlá sí yàrá kan, a sì ń wo bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ti ṣètò pé bí iṣẹ́ wọn bá ṣe pọ̀ tó ni owó wọn yóò ṣe pọ̀ tó. Síbẹ̀ àwọn ọkùnrin náà ti fi ohùn ṣọ̀kan lórí iye tí ó tó fún iṣẹ́ òòjọ́. Ẹni tí ó bá kọjá rẹ̀, wọn a fi í ṣẹ̀sín, wọn a sì máa lù ú ní apá. Àṣẹ ọ̀gá wà lára ògiri, àṣẹ wọn sì wà láàárín ara wọn. Ti àárín ara wọn ni ó ṣẹ́gun.

Ọ̀mọ̀wé Robert Bales ní Yunifásítì Harvard pẹ̀lú wo àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ní àwọn ọdún 1950. Ó rí i pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ń ti iṣẹ́ síwájú kọ́ ni ẹni tí ń tu ọkàn àwọn ènìyàn nínú. Ẹni tí ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí á parí rẹ̀ lónìí," a máa bí àwọn kan nínú. Ẹlòmíràn ni yóò wá sọ ọ̀rọ̀ tútù tí ara yóò fi rọ̀. Àgbẹ̀ mọ èyí nínú ọ̀wẹ̀ láìka ìwé. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ kíkan bí ọtí kíkan, tí yóò tún dùn bí oyin, ń wá ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Kí ó wá ènìyàn méjì tí ó lè bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

NÍGBÀ TÍ A BÁ DÍ Ọ̀NÀ Ọ̀RỌ̀

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí olórí kò bá gbọ́ ohùn àwọn tí ó wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ wa ti rí i. Láàárín 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dìde nítorí owó orí tí ó wúwo nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan, àti nítorí ìyà tí àwọn agbowó-orí fi ń jẹ wọ́n. Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀kọ̀yà ni a mọ̀ wọ́n sí. Kì í ṣe àwọn olóyè, kì í sì í ṣe àwọn olóṣèlú ni wọ́n fi ṣe olórí. Láti inú oko ni wọ́n ti yan àwọn bíi Tafa Adeoye. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1969, wọ́n wó ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wọn jáde. Ẹ̀mí ṣòfò ní ìhà méjèèjì. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni ìjọba dín owó orí kù.

A kò sọ èyí láti yin ìjà. A sọ ọ́ kí á lè rí i pé àwọn ènìyàn kì í wà láìní olórí fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹni tí ó wà nípò kò bá jẹ́ ẹnu wọn mọ́, wọn yóò wá ẹlòmíràn tí yóò jẹ́ ẹnu wọn, owó tí a ó sì san kí ipò tó padà sí ọwọ́ ẹni tí ó yẹ lè pọ̀ ju owó orí lọ. Ìpàdé tí a ti lè sọ òótọ́ ní kùtùkùtù rọ̀ wá lọ́rùn ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò kòkó wa lónìí. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà láti 1935. Ìlànà tí a sì gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn méjìdínlọ́gbọ̀n tí ó dá ilé ìtajà wọn sílẹ̀ ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1844, ni pé ẹnì kan, ìbò kan, ìbáà ṣe pé owó rẹ̀ pọ̀ tàbí pé ó kéré. Títí di 1986, ìgbìmọ̀ ìjọba ni ó ń dá iye owó kòkó. Nígbà tí a tú ìgbìmọ̀ náà ká ní ọdún yẹn, àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá di ẹni tí ń dá dúró níwájú ẹni tí ń ra kòkó. Àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ìyà. Ẹgbẹ́ ni ó lè mú wa rìn pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá di ti ènìyàn mẹ́ta, ẹni tí ń ra kòkó kò ní láti bá igba àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Mẹ́ta náà ni yóò pè sí kọ̀rọ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ẹ jẹ́ kí á mú nǹkan márùn-ún lọ sílé. Èkíní, kí òfin ẹgbẹ́ sọ iye ọdún tí ènìyàn lè lò nípò, kí á sì pa á mọ́, pàápàá lórí ẹni tí a fẹ́ràn. Orí ẹni tí a fẹ́ràn ni òfin ti máa ń kọ́kọ́ fọ́. Èkejì, kí ènìyàn méjì máa kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé àti ti akápò nígbà gbogbo, kí ìmọ̀ má bàa di ẹrú ẹnì kan. Ẹ̀kẹta, kí á máa ka ìṣirò owó sókè ní ìpàdé, ní èdè tí gbogbo wa gbọ́, kí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò má sì jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀. Ẹ̀kẹrin, kí á má ṣe pe ẹni tí ó bá jiyàn ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé pẹ́ nítorí pé ó ní apá tí ń jiyàn. Ẹ̀karùn-ún, kí olórí má ṣe kúrò lójú oko pátápátá. Ẹni tí òjò tí ó pa wá kò pa kò lè sọ bí òtútù ti mú wa.

Kò sí ọ̀kan nínú márùn-ún yìí tí olórí nìkan lè ṣe. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò ṣe é. Bí a kò bá wá sí ìpàdé, bí a kò bá béèrè, bí a bá tọwọ́ bọ ìwé tí a kò kà, a ti fi ọwọ́ ara wa mọ olórí tí a ó máa sunkún lé lórí lọ́la. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bákan náà, bí a bá rí olórí tí ó ṣe déédéé, tí ó ka owó wa síwájú wa, tí ó sì fi ipò sílẹ̀ nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, ó yẹ kí á bu ọlá fún un ní gbangba, kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ pé ọlá wà nínú kí ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga bí ó ti wà nínú kí ó gun orí rẹ̀.

Igi gańgańran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìpàdé tí ń bọ̀ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ sí wò ó.  Kí ẹgbẹ́ wa má tú, kí oko wa so wọ̀ǹtì-wọnti. Àṣẹ.